Ọ̀já Òjò Dídì: Ohun tí Ìgbà Òtútù Buffalo Fi Kọ́ Mi

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 2014, mo kúrò níbi iṣẹ́ ní Amherst, ní àríwá ìlú Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York, Amẹ́ríkà, mo ń lọ sílé ní West Seneca. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni. Òjò dídì tó wà nílẹ̀ ní Amherst kò tó bo okùn bàtà. Rédíò ti ń kìlọ̀ láti ọ̀sán pé èyí tó pọ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n mo bojú wòkè, mi ò rí nǹkan kan, mo bá ṣíná sí ọkọ̀. Wákàtí mẹ́rìndínlógún ni mo lò nínú ọkọ̀ náà kí wọ́n tó wá yọ mí.

Mò ń kọ èyí fún ẹni tó ń kó bọ̀ wá sí agbègbè àwọn adágún ńlá Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí kò tíì rí ìgbà òtútù ibẹ̀ rí. Àṣìṣe tí mo ṣe kì í ṣe tèmi nìkan. Ẹni tó bá ti ibi tí òtútù ò sí wá ló sábà máa ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Òjò dídì ni mò ń pe èyí tó ń bọ́ láti òkè bí ẹ̀gbọ̀n òwú, funfun, tó ṣeé gbọ́n dànù. Yìnyín ni mò ń pe omi tó ti gan, tó le bí òkúta, tó sì ń yọ̀. Ojú ń rí òjò dídì. Yìnyín a máa sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, òun ló sì ń gbé ènìyàn ṣubú.

Ohun tí mi ò mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni bí adágún Erie ṣe ń ṣiṣẹ́. Adágún náà gùn tó kìlómítà 388, kò sì fẹ̀ ju nǹkan bí 92 lọ níbi tó fẹ̀ jù. Ó nà gbọọrọ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá sí àríwá ìlà-oòrùn, Buffalo sì jókòó sí ìparí rẹ̀ lápá ìlà-oòrùn, bí ẹni tó dúró sẹ́nu ihò tí wọ́n ń fẹ́ èéfín sí. Nínú oṣù Kọkànlá, ìgbóná ìgbà ooru ṣì wà nínú omi náà. Bí afẹ́fẹ́ dídì láti Kánádà bá gba orí rẹ̀ kọjá, ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́ yẹn á gbóná, á fa ọ̀rinrin mu, á gòkè, á tutù lókè, á di ìkùukùu. Bó bá ti kan ilẹ̀, ó di kó da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń wò ni 13°C: bí ojú omi bá fi tó bẹ́ẹ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ tó wà ní nǹkan bí mítà 1,500 lókè, iná ti ràn mọ́ ọn nìyẹn.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé òjò yìí kì í tẹ́ lọ bí aṣọ ìtẹ́lẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń bá gígùn adágún lọ, gbogbo ìkùukùu a kó ara wọn jọ di ọ̀já kan ṣoṣo. Ọ̀já gan-an lorúkọ tó yẹ ẹ́, torí pé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì gùn. Ó lè má fẹ̀ ju kìlómítà mẹ́wàá sí ogún lọ. Lábẹ́ rẹ̀, íǹṣì méjì sí mẹ́ta lè bọ́ láàárín wákàtí kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú mànàmáná àti àrá. Ẹni tó dúró lẹ́yìn etí rẹ̀ lè máa wo oòrùn. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, àwọn àdúgbò kan ní gúúsù àti ìlà-oòrùn Buffalo gba ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, nígbà tí àwọn tó wà ní máìlì díẹ̀ sí àríwá gba kìkì íǹṣì díẹ̀. Ojú ọ̀run kan náà, ìlú kan náà, ọjọ́ kan náà.

Bọ̀dá kan tó ti gbé ibẹ̀ ju ogún ọdún lọ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Àbúrò, ojú ọ̀run tó wà lórí rẹ kọ́ ni kó o máa wò. Èyí tó wà níbi tó ò ń lọ ni, àti ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá." Mo ti rí i pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bí atẹ́gùn bá ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ọ̀já náà á dá lé ìgboro Buffalo àti àwọn ìlú àríwá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Northtowns. Bó bá yí díẹ̀ tó wá ń ti ìwọ̀-oòrùn gangan bọ̀, ọ̀já á sọ̀ kalẹ̀ sórí Southtowns: Hamburg, Orchard Park, West Seneca. Bó bá yí sí àríwá ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà tó ń gbà lórí omi á kúrú, ọ̀já á já sí wẹ́wẹ́, òjò á sì máa bọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí àwọn òkè tó wà ní gúúsù. Ìyípadà kékeré nínú atẹ́gùn ló ń pinnu ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ṣí láàárọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó jáde, ẹ má béèrè ojú ọjọ́ "Buffalo". Lórí ojú ewé National Weather Service, àjọ ojú ọjọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, ẹ lè tẹ ojúkò ilé yín gan-an lórí àwòrán ilẹ̀, kí wọ́n sọ ti ibẹ̀ fún yín. Ẹ tẹ ti ibi iṣẹ́, ẹ tẹ ti ilé, ẹ tún tẹ ti àárín ọ̀nà. Ẹ wo àwòrán rédà náà kí ẹ lè rí ọ̀já yẹn bó ṣe nà láti orí omi. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n ń lò kì í ṣe ọ̀kan náà: watch ń sọ pé ó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀, warning ń sọ pé ó ti ń ṣẹlẹ̀ tàbí pé ó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Warning ni wọ́n ti kéde lálẹ́ ọjọ́ tèmi. Mi ò mọ ìyàtọ̀.

Lójú ọ̀nà, ohun tí mo rí dà bí ògiri. Iná ọkọ̀ mi ń tàn dáadáa títí mo fi dé etí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo nǹkan di funfun. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó burú jù: mi ò yí padà. Mo rò pé màá la á kọjá láìpẹ́. Bí ẹ bá rí ògiri yẹn níwájú, tí ọ̀nà tó wà lẹ́yìn yín ṣì mọ́, ẹ padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Ilẹ̀ ibi iṣẹ́ ṣeé sùn. Ẹ má tan iná gígùn sínú rẹ̀, ńṣe ni òjò dídì máa ń dá ìmọ́lẹ̀ náà padà sójú ẹni. Iná kúkúrú ló dára.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró, mo tẹ iná mọ́lẹ̀, táyà ń yí lójúkan. Èyí náà kò dára. Táyà tó ń yí lójúkan máa ń gbóná, á yọ́ òjò dídì tó wà lábẹ́ rẹ̀, omi náà á gan padà di yìnyín, ọkọ̀ á wá jókòó sínú kòtò dídán tó gbẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí a fi ṣọ́bìrì kó iwájú àti ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a wọ́n iyanrìn síbẹ̀ tàbí kí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí a fi jíà tó kéré rọra lọ síwájú, rọra padà sẹ́yìn. Bí kò bá gbọ́ lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, kí a fi í sílẹ̀.

Ewu tó lè pa mí lóru yẹn kì í ṣe òtútù. Páìpù èéfín tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ni, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní sàlẹ́ńsà. Òjò dídì ti bò ó láàárín bí ìdajì wákàtí, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín kò bá rí ọ̀nà jáde, abẹ́ ọkọ̀ ló máa ń gbà wọlé. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú rẹ̀, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ní imú. Orí fífọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà òòyì àti èébì, lẹ́yìn náà oorun tí ènìyàn kì í jí nínú rẹ̀. Orí mi ti ń fọ́ kí awakọ̀ tírélà kan tó wà lẹ́yìn mi tó wá kan gíláàsì mi, tó sì fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Òun ló kọ́ mi ní ètò tí mo ń tẹ̀ lé di òní:

Kọ́kọ́ jáde gbẹ́ páìpù náà síta, kí àyè tó ìwọ̀n ọ̀pá ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni kó o ṣíná, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré láàárín wákàtí kan. Sọ gíláàsì kan kalẹ̀ díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ wá. Pa iná. Kí wákàtí mìíràn tó pé, tún jáde lọ gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i kó o tó ṣíná. Bí òjò bá ń bọ́ ní íǹṣì mẹ́ta láàárín wákàtí kan, iṣẹ́ àná kò wúlò fún òní.

Ó tún bẹ̀ mí pé kí n má fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Mo ti ń rò ó, torí pé ilé mi kò tó máìlì méjì síbẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn nínú òjò dídì tó dé itan, tí kò rí ọwọ́ ara rẹ̀, á làágùn, á rẹ̀, á sọnù. Inú ọkọ̀ ló dára jù, bí èéfín bá ti ń rí ọ̀nà jáde. Ẹ so aṣọ tó ní àwọ̀ dídán mọ́ eriali tàbí ọwọ́ ilẹ̀kùn kí àwọn tó ń wá ènìyàn lè rí i, kí wọ́n má sì fi ẹ̀rọ gbá ọkọ̀ tó ti rì mọ́lẹ̀.

Láti ọdún yẹn, bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, epo ọkọ̀ mi kì í sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìdajì táǹkì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí mo bá sì ṣíná ni ọkàn mi ń gbọ̀n. Ṣọ́bìrì kékeré, àpò iyanrìn, kúbùsù méjì, tọ́ọ̀ṣì, omi mímu, oúnjẹ tí kò nílò sísè, okùn tí a fi ń gba iná láti inú bátìrì ọkọ̀ mìíràn, àti ẹ̀rọ tí ń gbé iná fún fóònù: àwọn wọ̀nyí kì í kúrò nínú ọkọ̀ títí di oṣù Kẹrin. Ẹ má fi ṣọ́bìrì sínú búùtù o. Búùtù máa ń gan, òjò dídì sì máa ń bò ó. Ẹ̀yìn àga awakọ̀ ni tèmi wà.

Táyà náà tọ́ sí ọ̀rọ̀ díẹ̀. Rọ́bà táyà lásán máa ń le bí òtútù bá ti kọjá 7°C sísàlẹ̀, kì í sì di ilẹ̀ mú mọ́. Táyà ìgbà òtútù ní àmì òkè ṣóńṣó mẹ́ta tí ìràwọ̀ òjò dídì wà nínú rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀, kì í ṣe méjì. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà á yára láti gbéra, ṣùgbọ́n kò dúró yára ju ti ẹlòmíràn lọ. Mo ti rí ọ̀pọ̀ jíìpù ńláńlá nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì nítorí ìgbàgbọ́ yẹn. Afárá máa ń gan ṣáájú títì, torí pé atẹ́gùn ń gba òkè àti abẹ́ rẹ̀. Yìnyín tó sún mọ́ 0°C ló sì ń yọ̀ jù, kì í ṣe èyí tó tutù gan-an, nítorí pé omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lójú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yọ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ yí ìdarí sí ibi tí ẹ fẹ́ kí imú ọkọ̀ kọjú sí.

Ìdí mìíràn tí òtútù fi wọ̀ mí lára lóru yẹn ni aṣọ. Sòkòtò jíǹsì àti ìbọ̀sẹ̀ òwú ni mo wọ̀. Òwú máa ń fa òógùn àti omi mu, á sì gbé e sára ẹni. Ohun tó sún mọ́ awọ gbọ́dọ̀ jẹ́ irun àgùntàn tàbí aṣọ tí kì í gba omi dúró. Èyí tó nípọn á wà lórí rẹ̀. Èyí tí atẹ́gùn kò lè wọ̀ á wà lókè pátápátá. Ìbọ̀wọ́ tí ìka mẹ́rin jọ wà nínú ilé kan móoru ju èyí tó ya ìka sọ́tọ̀ lọ. Bàtà gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ nínú. Ẹni tó ki ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta bọ bàtà tó fún, ó ti dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí òtútù bá jẹ́ -18°C, tí atẹ́gùn ń fẹ́ ní máìlì 15 ní wákàtí kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó kí awọ tí a kò bò dì. Ẹ̀ẹ̀kẹ́, etí, imú àti ìka ló ń kọ́kọ́ lọ: á kú tipiri, á di funfun bí ẹfun. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì fi òjò dídì pa á lára. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ọwọ́ tó yè lè gbà láìta, ni kí ẹ fi í sí, nígbà tó bá ti dájú pé kò tún ní dì padà. Bí ẹni tó ń gbọ̀n bá ṣíwọ́ gbígbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà.

Ọ̀sán Túsìdeè ni wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá la ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí mo dé ilé, òjò dídì ti kọjá àyà mi níwájú ilẹ̀kùn, ó sì tún ku ọ̀já kejì tó bọ́ lé wa lórí ní Wẹ́sìdeè sí Tọ́sìdeè.

Kíkó òjò dídì kì í ṣe iṣẹ́ agbára nìkan. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Àyè tí ọkọ̀ ń gbà wọ ilé, tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, tí òjò dídì orí rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 30: mítà oníhà mẹ́ta 15 nìyẹn. Bó bá jẹ́ èyí tó fúyẹ́, tí mítà oníhà mẹ́ta kan wọn 100 kìlógíráàmù, 1,500 kìlógíráàmù lẹ máa gbé. Bó bá jẹ́ èyí tó ní omi nínú, ó lè tó 250 ní mítà oníhà mẹ́ta kan, ó di 3,750. Ọkọ̀ kékeré méjì tàbí mẹ́ta lẹ fẹ́ fi ọwọ́ gbé yẹn. Òtútù sì ń sún iṣan ẹ̀jẹ̀ kì lákòókò kan náà tí ọkàn ń sáré. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń ṣubú kú ti àwọn ti ṣọ́bìrì lọ́wọ́, pàápàá àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún tí kì í ṣe eré ìdárayá. Àyà dídùn tàbí apá òsì tó ń wúwo kì í ṣe ohun tí a ń fara dà títí iṣẹ́ á fi parí.

Ẹ má dúró kí òjò dá. Bó bá ti ga tó íǹṣì mẹ́rin, ẹ jáde lọ kó o, ẹ wọlé, ẹ tún jáde. Ìgbà mẹ́ta tí a kó íǹṣì mẹ́rin rọrùn ju ìgbà kan tí a kó íǹṣì méjìlá lọ, torí pé èyí tó ti wà nílẹ̀ pẹ́ máa ń tẹ́ mọ́ra, á wúwo. Ẹ máa tì í ju kí ẹ máa gbé e lọ. Bó bá di dandan láti gbé e, orúnkún ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má yí ìbàdí sọ ọ́ sẹ́yìn. Ẹ fi òróró oúnjẹ pa ojú ṣọ́bìrì, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ ó sì bá ẹ̀rọ ìjọba jà, ẹ kàn má mọ̀ ọ́n ní ìjà. Bí ẹ bá ti tún ojú ọ̀nà yín ṣe tán, ẹ̀rọ tó ń la títì á kọjá, á sì fi òkìtì líle dí ẹnu rẹ̀ padà. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹ bá kọjú sí títì láti ilé yín, apá òsì ni ẹ̀rọ yẹn ti ń bọ̀. Nítorí náà, apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ máa kó òjò dídì yín sí, kẹ́ ẹ sì tún gbẹ́ àyè kan sílẹ̀ lápá òsì, létí títì, kí ẹ̀rọ náà lè da ẹrù rẹ̀ síbẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà yín. Ọgbọ́n yìí nìkan ti gba ẹ̀yìn mi sílẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹ̀rọ omi panápaná bá wà níwájú ilé yín, ẹ gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yí i ká. Iná kì í dúró de ẹni tó ń wá ẹ̀rọ omi.

Iyọ̀ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Iyọ̀ òkúta lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ bí òtútù bá ti kọjá -9°C sísàlẹ̀. Mo da odindi àpò kan sórí àtẹ̀gùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó jẹ́ -15°C, mo sì rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Calcium chloride, irú iyọ̀ mìíràn, ló ń ṣiṣẹ́ dé nǹkan bí -29°C. Bí òtútù bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí owó kò bá sí, iyanrìn kì í yọ́ yìnyín ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀. Kó òjò dídì kúrò kó o tó wọ́n iyọ̀; iyọ̀ tó bọ́ sórí òjò dídì tó nípọn ti ṣòfò. Ẹ má sì da omi gbígbóná sórí gíláàsì ọkọ̀, á là.

Inú ilé ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúlé-gbóná tòde òní kì í gba òrùlé tú èéfín síta. Páìpù ike funfun méjì ló máa ń yọ lára ògiri, nítòsí ilẹ̀. Òjò dídì tí atẹ́gùn gbá jọ sí ògiri á bò wọ́n. Ẹ̀rọ tó dára á kú fúnra rẹ̀, ilé á tutù. Èyí tí kò dára á tú èéfín sínú ilé. Kí òtútù tó dé, ẹ jáde lọ wá àwọn páìpù yẹn, ẹ ri igi gíga mọ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ máa gbẹ́ lóru. Ẹ fi aago ìkìlọ̀ carbon monoxide sí ìtòsí yàrá ibi tí ẹ ń sùn, kí bátìrì rẹ̀ sì wà láàyè. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ kì í wọ ilé, kì í wọ gáréèjì, kódà kí ilẹ̀kùn gáréèjì ṣí sílẹ̀. Ohun tí a mọ̀ nílé tẹ́lẹ̀ nìyí. Òtútù ló ń mú kí ènìyàn gbàgbé.

Bí ẹ bá rìnrìn àjò, ẹ má pa ẹ̀rọ amúlé-gbóná. Ẹ fi í sí 13°C ó kéré tán, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síńkì sílẹ̀ kí ooru lè kan páìpù, kí ẹ sì jẹ́ kí omi máa kán tóò-tóò lálẹ́ tí òtútù bá mú gan-an. Omi tó bá gan máa ń wú, páìpù á bẹ́, ẹ kò sì ní mọ̀ títí tó bá fi yọ́.

Òrùlé: àwọn kan wó ní 2014. Bí ilẹ̀kùn inú ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í há lójijì, tí àjà ń dún, tí ògiri ń sán, ẹ jáde. Ẹ dúró sílẹ̀, ẹ fi ọ̀pá gígùn tí wọ́n ṣe fún òrùlé fa òjò dídì orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti etí. Ẹ má gun òkè.

Mo rò pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀ tán títí oṣù Kejìlá ọdún 2022 fi dé. Oṣù kan ṣáájú rẹ̀ ni Orchard Park àti Hamburg ti gba ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, tí wọ́n fi gbé ìdíje Bills, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ara Amẹ́ríkà ti Buffalo, lọ sí ìlú Detroit. Èyí tó tẹ̀ lé e ní Kérésìmesì kò jọ ọ́. Ti oṣù Kọkànlá máa ń bọ́ tààrà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ti Kérésìmesì jẹ́ ìjì. Ohun tí wọ́n ń pè ní blizzard ní òṣùwọ̀n: atẹ́gùn máìlì 35 ní wákàtí kan ó kéré tán, tí ojú kò ríran kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, fún wákàtí mẹ́ta. Ti Buffalo ju ọjọ́ kan lọ, orí ìgboro gan-an ló sì dá lé. Ọkọ̀ panápaná àti ti aláìsàn kò lè jáde. Ó ju ogójì ènìyàn lọ tó kú ní Erie County, àgbègbè ìjọba tí Buffalo wà nínú rẹ̀: nínú ọkọ̀, lójú títì, nínú ilé tí kò ní iná, nídìí ṣọ́bìrì. Mo wà nílé láti ọjọ́ tó ṣáájú, pẹ̀lú oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún, oògùn, omi, àti aṣọ ọmọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe tó yàtọ̀ sí ti 2014 ni pé mo gba ìkéde gbọ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ibi tó tutù ló ń rí báyìí. Toronto wà lórí ilẹ̀ Kánádà, ó sì wà ní àríwá ju Buffalo lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì òjò dídì Buffalo ló máa ń rí lọ́dún, nítorí pé apá ìwọ̀-oòrùn adágún Ontario ló wà, atẹ́gùn kì í sì sábà gba orí omi kó tó kàn án. Syracuse, ìlú kan ní New York tó wà lápá kejì adágún náà, ń gba ju Buffalo lọ. Adágún Ontario jìn, kì í fi bẹ́ẹ̀ gan, torí náà ó ń da òjò títí oṣù Kẹta. Erie kò jìn, mítà 19 péré ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Bó bá gan lójú, ọ̀já máa ń rẹlẹ̀. Kódà ìyẹn kò dájú: ní oṣù Kìíní ọdún 1977, omi ti gan, òjò dídì sì ti jọ lé e lórí, ìjì bá gbá gbogbo rẹ̀ wá da sórí Buffalo. Ní Japan, atẹ́gùn dídì láti Siberia gba orí òkun kọjá, ìlú Aomori ń gba ìwọ̀n mítà mélòó kan lọ́dún. Tokyo, lẹ́yìn òkè, fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan. Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ síbì kan, ẹ wo ibi tí omi ńlá wà àti ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, kí ẹ tó wo bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí àríwá tó.

Ó ku yíyọ́ rẹ̀. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn ní 2014, ojú ọjọ́ móoru lójijì, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í di omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá ojú gọ́tà tó wà létí títì níwájú ilé yín, ẹ gbẹ́ ẹ síta kí ó tó di ọjọ́ náà. Ẹ kó òjò dídì jìnnà sí ògiri ilé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, ẹ da garawa omi kan sínú ihò ẹ̀rọ tó ń fa omi níbẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ pé ó dún, kí ẹ sì jáde lọ wò ó bóyá ẹnu páìpù rẹ̀ níta kò ti gan pa.